Rédíò alọ́wọ́yí tí wọ́n ń tà ní ọjà Ouando: ohun tó wúlò nínú rẹ̀ nígbà omíyalé

Ní ọjà Ouando, níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àwọn tó ń ta ohun èlò iná àti ti fóònù ń ta rédíò pupa kékeré kan tó ní ọwọ́ tí a ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́, awo sólà lórí, tọ́ọ̀ṣì níwájú, àti ihò tí a lè ki okùn fóònù bọ̀. Mo ra tèmi ní 15,000 sẹ́fà lẹ́yìn tí a ti nájà títí. Ilé wa wà ní apá Djassin, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ sí ọ̀sà, mo sì ti lò ó láti ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ títí di ìgbà tí omi odò fà sẹ́yìn. Èrò mi ni pé ó yẹ kí gbogbo ilé tó wà lẹ́bàá omi ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ohun tí àwọn tó ń tà á ń sọ.

Bọ́tìnnì kan wà lójú rẹ̀ tí wọ́n kọ WB sí, ìyẹn “Weather Band”, ìkànnì ojú ọjọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tà á fún mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí ni yóò máa sọ fún yín bí òjò ńlá bá ń bọ̀.” Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ̀ kó tó yọ owó. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe bọ́tìnnì náà fún, ó sì wúlò púpọ̀ fún àwọn ará oko ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ wọn, ní àwọn ìpínlẹ̀ bí Iowa, Missouri àti Kansas. Lọ́hùn-ún, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tó lé ní 1,000 káàkiri, tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tọ̀sán-tòru lórí ìkànnì méje tó wà láàárín 162.400 àti 162.550 MHz. Bí ààjà ńlá bá ń bọ̀, wọn a fi àmì ránṣẹ́ sí agbègbè tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an, rédíò tí wọ́n ti to nọ́ńbà agbègbè náà sí a sì figbe ta láàárín òru, kí àwọn ará ilé lè sáré sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá abẹ́ ilé. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, nítorí pé ààjà tó jà ní ìlú Joplin ní Missouri ní ọjọ́ 22 oṣù Èbìbí ọdún 2011 pa èèyàn tó lé ní 150, ìjì tó sì gba Iowa kọjá ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún ọdún 2020 fi ọ̀pọ̀ ilé sínú òkùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀. Ní oko tí ilé ti jìnnà síra, tí òpó iná àti òpó fóònù lè wó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, irú rédíò báyìí ni wọ́n fi ń mọ ohun tó ń lọ. Ní Àjàṣẹ́, kò sí iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ tó ń sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì méje yẹn. Bí ẹ bá tẹ WB, ariwo híhó lásán ni ẹ ó gbọ́.

FM ni ti wa, FM rẹ̀ sì dára. Kò ju kí a fa irin rẹ̀ sókè, ohùn SRTB, iléeṣẹ́ rédíò ìjọba tó ń jẹ́ ORTB tẹ́lẹ̀, sì dé ketekete, títí kan ìgbà tí wọ́n bá ń sọ èdè Yorùbá, èyí tó jẹ́ pé òun ni ìyá ìyàwó mi, tí kò gbọ́ Faransé, ń dúró dè. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ti lè rò lọ, nítorí pé omi tó ń wọ ilé wa kì í ṣe ti òjò orí wa nìkan. Láti Atacora ní òkè lọ́hùn-ún ni odò Ouémé ti ń bọ̀, ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 510, ó gba ẹ̀bá Ṣàbẹ àti Bonou kọjá kó tó tú sínú adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìgbà òjò wọn lọ́dún ní òkè yẹn, ó sì máa ń le jù ní oṣù Ògún àti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, nígbà tí òjò tiwa níhìn-ín ti máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀. Ìdí nìyí tí omi fi lè máa gun àtẹ̀gùn ilé ní Aguégués, ní Dangbo àti ní Adjohoun lábẹ́ oòrùn tó mú hanhan, tí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run nìkan kò sì ní fura. Ní afárá Ṣàbẹ àti ní Bonou ni wọ́n ti ń wọn bí omi odò náà ti ga tó. Omi tó kún ní Ṣàbẹ lónìí á lo ọjọ́ bíi mélòó kan lọ́nà kó tó kàn wá, inú ọjọ́ wọ̀nyẹn sì ni ẹni tó gbọ́ ìròyìn lè gbé àpò àgbàdo sórí àjà, kó kó ewúrẹ́ lọ sí ibi gíga, kó sì fi àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí. Àwa tí a ní ará ní Ṣàbẹ lè pè wọ́n pẹ̀lú, kí a bi wọ́n bí odò ti rí. Lọ́dún 2010, omíyalé dé 55 nínú ìlú ìṣàkóso 77 tí Bẹ̀nẹ̀ ní, ó kan èèyàn bíi 680,000, ẹ̀mí tó lé ní 40 sì bá a lọ. Ẹni tó bá fojú rí ọdún yẹn kò ní bi mí ìdí tí mo fi ń náwó sórí rédíò.

Ọwọ́ tí a ń yí náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má retí ohun tó pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá yí i fún ìṣẹ́jú kan, a lè gbọ́ ìròyìn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tàbí kí a tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fún ìgbà tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Àwọn ọmọ ilé kì í jẹ́ kó sinmi ní ọjọ́ kìíní, lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 2,000 mAh, ti ọ̀pọ̀ fóònù òde òní sì tó 5,000, nítorí náà kò lè kún fóònù láéláé; ó lè fún un ní agbára tó tó láti pe panápaná ní 118, kí a sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí. Awo sólà orí rẹ̀ kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Lábẹ́ ìkúùkù oṣù Òkúdù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkankan, nígbà ọyẹ́ sì rèé, eruku a bò ó débi pé a gbọ́dọ̀ máa nù ún. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń fi iná SBEE, iléeṣẹ́ mànàmáná wa, kún un ní gbogbo ìgbà tí iná bá wà, mo sì fi ọwọ́ yíyí pa mọ́ de ọjọ́ tí kò bá sí.

Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù lẹ́yìn FM. Nígbà tí omi bá gba àgbàlá, tí SBEE sì pa iná, àbẹ́là àti fìtílà ni ọ̀pọ̀ ilé ń tàn, bẹ́ẹ̀ ilé tó ní kpayo, ìyẹn epo pẹtiróòlù fàyàwọ́, nínú ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì kò ṣọ̀wọ́n ládùúgbò wa. Omi a gbé kẹ́ẹ̀gì náà kúrò níbi tí a fi í sí, epo a léfòó, iná fìtílà ò sì jìnnà. Ohun tí kpayo lè ṣe ti hàn sí gbogbo wa ní Sèmè-Podji ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí ibi ìkó-epo-sí kan gbiná, tí èèyàn tó lé ní 30 sì kú. Mo rọ gbogbo ẹni tó ń tọ́jú epo sílé pé kí wọ́n má tan ohunkóhun tó ní ọwọ́ iná lọ́jọ́ tí omi bá wọlé. Ní ti èyí nìkan, owó rédíò náà kò pọ̀ lójú mi.

Ó ní àbùkù. Irin tó ń gba ohùn kò lágbára, ìdí rẹ̀ sì ti ń mì. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé òjò kò lè ṣe é ní nǹkan. Òótọ́ ni bó bá jẹ́ ìwọ̀nba òjò, ṣùgbọ́n bó bá já sínú omi, ó parí. Ọ̀rá méjì ni mo fi di tèmi, mo sì so ó kọ́ sára òpó ilé níbi tó ga, nínú àpò kan náà tí ìwé ìbí àwọn ọmọ, káàdì ìdánimọ̀ wa, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá àti owó díẹ̀ wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì omi mímu wà. Lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, ni àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ní kí ìdílé kó pamọ́, mo sì rò pé ó bá wa mu ju wọ́n lọ, nítorí pé omi kànga wa ni ìdọ̀tí kọ́kọ́ ń wọ̀, kọ́lẹ́rà kì í sì í pẹ́ tẹ̀ lé e. Gààrí àti ẹja yíyan kò nílò iná; ẹ fi wọ́n kún un.

Bí ẹ bá fẹ́ ra rédíò náà, ẹ má ra èyí tó wà nínú páálí tí wọn kò ṣí. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á títí iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi tàn, ẹ wá SRTB lórí FM, ẹ ki fóònù yín bọ̀ ọ́ kí ẹ rí i bóyá ó ń gba agbára. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ dán an wò nílé, ẹ fi rédíò rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ẹ kọjá sí ìsọ̀ tó kàn.