Páálí eré kíláàsì nípa èèyàn àti igbó: ẹ ra á nítorí káàdì rẹ̀, ẹ pa eré tó wà nínú rẹ̀ tì

Páálí yìí ti wà lórí àtẹ àwọn tó ń ta ìwé ní Fọlágbádé, Ìjẹ̀bú-Òde, láti ìgbà tí sáà kẹta ti wọlé. ₦6,500 ni wọ́n ń tà á. Tíṣà tó fẹ́ kí àwọn ọmọ JSS 1 sí SS 2 fúnra wọn kọ eré nípa èèyàn àti ohun tó yí i ká ni wọ́n ṣe é fún. Ìwé ìlànà olójú-ewé 48 wà nínú rẹ̀, káàdì 24, àtẹ gbọọrọ kan tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri, àti eré kan tí wọ́n ti kọ parí fún àwòkọ́ṣe.

Àwọn káàdì yẹn ló tó owó náà. Ìlà mẹ́ta péré ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: ta nìyí, kí ló ń fẹ́, kí ló ń bà á lẹ́rù. Káàdì erin: ó fẹ́ gba ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ ń gbà lọ sódò, ìbọn ló ń bà á lẹ́rù. Káàdì àgbẹ̀ kòkó: ó fẹ́ kí kòkó tó gbìn so kí ó lè rí owó ilé-ìwé san, ẹ̀ṣọ́ igbó ló ń bà á lẹ́rù. Ẹni tó bá mọ igbó Ọ̀mọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní J4, mọ̀ pé èyí kì í ṣe àlọ́. Láti 1977 ni àjọ UNESCO ti kà á mọ́ àwọn ibi àkànṣe tó yẹ kí a dáàbò bò, tí wọ́n ń pè ní biosphere reserve. Síbẹ̀ erin àti oko kòkó jọ wà nínú rẹ̀ ni. Àgbẹ̀ kì í ṣe ìkà, erin kò sì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ gan-an leré ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá kàn sọ fún ọmọ pé kó kọ eré nípa igbó, agégi burúkú kan àti igi kan tó ń sunkún ni yóò gbé wá, eré á sì ti tán ní ojú-ewé kìn-ín-ní, torí kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ojú-ewé 11 sí 19 nínú ìwé ìlànà ló tẹ̀ lé káàdì ní dídára. Wọn kò jẹ́ kí ọmọ mú bírò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ méjì á di káàdì méjì mú, wọ́n á fi ìṣẹ́jú mẹ́ta bára wọn sọ̀rọ̀ lójú gbogbo kíláàsì. Ẹnì kẹta á máa kọ kìkì gbólóhùn tó pa àwọn ará ìyókù lẹ́rìn-ín tàbí tó mú wọn dákẹ́. Àwọn gbólóhùn yẹn ni wọ́n á fi kọ́ eré lọ́jọ́ kejì. Òfin kan tún wà níbẹ̀ tó dára gan-an: kí ẹnikẹ́ni má sọ ju gbólóhùn méjì lọ kí ẹlòmíràn tó gbà á lẹ́nu. Èémí ọmọ JSS 1 kì í tó gbólóhùn kẹta. Ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù.

Àtẹ ògiri ní tirẹ̀ ṣe àṣìṣe nínú ìṣirò àkókò. Ó ní kí eré jẹ́ ojú-ewé 20. Ó ti pọ̀ jù. Ojú-ewé A4 kan tí a tẹ̀, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, máa ń gbà tó ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá fi orin àti ijó kún 20, ó ti di bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú 40 sì ni kíláàsì kan. Ẹ jẹ́ kó mọ ní ojú-ewé 13, kí ìṣẹ́jú márùn-ún wà fún títo tábìlì, kí bíi 15 sì ṣẹ́kù fún ìjíròrò. Ibì kan ṣoṣo ni kí eré ti ṣẹlẹ̀, ibi tí gbogbo èèyàn ti lè pàdé: etí odò Ìbú, oríta, ìdí igi obì kan ní Rẹ́mọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń gbé tábìlì kiri láti pa ibi dà, àwọn òǹwòran á bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn sọ̀rọ̀.

Ní ti kíláàsì ọlọ́mọ 55, ìwé náà ní kí mẹ́jọ sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù jẹ́ ègbè. Ègbè yẹn sì níṣẹ́ gidi: àwọn ni òjò, atẹ́gùn àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ́ igi. Fún òjò, ìka kan á máa lu àtẹ́lẹwọ́, á di méjì, á di mẹ́rin, ọwọ́ á bọ́ sórí itan, ẹsẹ̀ á wá máa lu ilẹ̀. Tí òjò bá fẹ́ dá, wọ́n á padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tí wọn kò sọ ni pé ègbè gbọ́dọ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́rin, kí olórí kọ̀ọ̀kan máa fọwọ́ júwe ìgbà tí wọ́n á dákẹ́. Láìsí èyí, òjò yóò gbé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ mì.

Eré àwòkọ́ṣe wá ńkọ́? Ní ìran kẹta, wọ́n ní kí Agẹmọ, òrìṣà Ìjẹ̀bú tó ń jáde bí eégún, jáde bí ẹ̀mí igbó, kí àwọn ọmọbìnrin sì máa kọrin yí i ká. Ṣé àwọn tó kọ ọ́ dé Ìjẹ̀bú rí? Agẹmọ kì í ṣe aṣọ eré, obìnrin kò sì gbọ́dọ̀ rí i. Kí ilé-ìwé tó jáde lọ́jọ́ náà, àwọn òbí á ti kún ọ́fíìsì ọ̀gá. Bákan náà ni Orò ní Rẹ́mọ. Ẹ fi òkété, ọ̀bọ tàbí erin rọ́pò Agẹmọ. Kò sí ohun tí eré á pàdánù.

Nínú ìran yẹn kan náà, igi ìrókò sọ ìlà 31 láìmí, nípa afẹ́fẹ́, ẹ̀kún omi àti ooru. Ìwàásù nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí igi máa ṣe nǹkan dípò kó máa sọ̀rọ̀. Ẹ na aṣọ sókè fún ibòji, kí àwọn ìyá alátẹ jókòó sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gé igi, ẹ ká aṣọ náà, kí àwọn ìyá máa wọ́ àtẹ kiri nínú oòrùn. Òǹwòran á rí àdánù náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni là á yé e.

Wọn kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ orin kankan. Ọmọ tí kò gbọ́ orin náà rí á gbé ohùn rẹ̀ gba ibòmíràn, ìtumọ̀ á sì bà jẹ́. Ẹ fi bírò pupa sí i kí ẹ tó ṣe fọ́tòkọ́pì. Wọ́n tún ní kí gbogbo ẹ̀dá inú eré máa sọ Yorùbá àjùmọ̀lò. Àwa kò fara mọ́ ọn. Kí asọ̀tàn máa sọ àjùmọ̀lò, kí àwọn àgbà inú eré máa sọ èdè ìlú tí ilé-ìwé wà, kí àwọn ọmọ lọ gba gbólóhùn wọn lẹ́nu ìyá àgbà nílé. Ẹ má sì fi ẹnu Ìjẹ̀bú-Òde kọ́ ọmọ Ìsarà.

Ti ohun èlò kò gba ariwo. Fúúmù àti ọ̀dà tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti wọ́n jù. Aṣọ búlúù ọ̀pá márùn-ún, tí ọmọ méjì ń mì nísàlẹ̀, ti tó fún odò. Páálí tí wọ́n fi ń di indomie ti tó fún igi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gé ẹ̀ka tútù láti fi ṣe eré tó ń bẹ̀bẹ̀ fún igi.

Sáà kẹta sì ni sáà òjò, páànù ló wà lórí ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn wa. Ìwé náà kò mẹ́nu ba èyí rárá. Gbólóhùn tí eré dá lé, ẹ sọ ọ́ di orin tí olórí ń dá tí ègbè ń gbè, kí òjò má baà bò ó mọ́lẹ̀. Kí àwọn akópa sì dúró bí òṣùpá ìlàjì, kì í ṣe lórí ìlà, kí ẹnikẹ́ni má kọ ẹ̀yìn sí àwọn èèyàn.

Páálí kan tó kíláàsì mẹ́ta, torí àwọn káàdì náà nípọn, wọn kì í tètè ya. Ilé-ìwé méjì lè dá owó jọ rà á. Tí ọlọ́jà bá gbà láti ta káàdì àti ìwé ìlànà nìkan, ẹ ná an sí ₦4,000, kí ẹ fi eré àwòkọ́ṣe sílẹ̀ fún un.