Owó orí tàbí owó àpò: èwo ló ń gba aláìsàn là?

Láti ọdún 1948 ni owó orí ti ń gbé ilé ìwòsàn ìjọba ró ní Ìlú Ọba. Bí àìsàn bá dé lóru, ìtọ́jú làkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó ń béèrè owó lọ́wọ́ ọmọ onílùú kó tó dórí bẹ́ẹ̀dì. Lóòótọ́, èèyàn lè dúró ọ̀pọ̀ oṣù de iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì.

Nàìjíríà ńkọ́? Ju ìdajì owó ìwòsàn lọ, àpò aláìsàn ló ti ń jáde. Ẹ ra káàdì, ẹ san àsansílẹ̀, ẹ sáré lọ ra ìbọ̀wọ́ àti dírípù, kí dókítà tó fọwọ́ kàn án. Owó orí lèmi fara mọ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n dúró lórí ìlà ju kí ẹbí ta ilẹ̀ nítorí iṣẹ́ abẹ ẹnì kan.