Ẹ ṣọ́ra fún asẹ́ tí wọ́n ní ó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ti lù mí ní jìbìtì o. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ju ìtìjú lọ.

Omi kànga mi níyọ̀. Ọkùnrin kan ní asẹ́ tòun ń yọ iyọ̀ lómi bí ẹni yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Ó po yanrìn àti iyọ̀ mọ́ omi lójú mi, ó dà á sínú asẹ́, omi ń kán sísàlẹ̀, ó mọ́ gaara. Mo ní kí n tọ́ ọ wò, ó já ife gbà lọ́wọ́ mi: "Rárá o, omi àkọ́kọ́ la fi ń fọ inú asẹ́." Mo sì gbà! Mo tún dúpẹ́! Mo sanwó, mo gbé e délé bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ife àkọ́kọ́, iyọ̀. Mo ní bóyá ó ṣì ń fọ inú ara rẹ̀ ni. Ife kẹwàá, iyọ̀ náà ni. Mo pè é, ó ní ahọ́n mi ni kò dáa. Ahọ́n mi!

Mo fi ọ̀bẹ la ikùn asẹ́ náà: òwú, èédú, òkúta wẹ́wẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo kọ́ ọ nílé ìwé. Yanrìn kì í yọ́ sómi, asẹ́ á mú un. Iyọ̀ tó bá ti yọ́, ó ti pín sí sodium àti chloride, wọ́n sì kéré débi pé ibi tómi bá gbà làwọn náà á gbà. Èédú lè mú òórùn kúrò, kò lè mú iyọ̀. Ọ̀nà kan ni kéèyàn se omi náà, kó gba ooru rẹ̀, kó tutù padà di omi. Omi ń hó ní 100°C, iná kì í tiẹ̀ yọ́ iyọ̀ àfi tó bá dé 801°C, ká má tíì sọ pé yóò di ooru, ìdí nìyẹn tó fi ń kù sídìí ìkòkò. Mo mọ gbogbo èyí o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, ká ní ẹ rí bómi yẹn ṣe mọ́ ni, ẹ̀yin náà á sanwó.

Ẹ tọ́ omi tó bá ti inú asẹ́ jáde wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀, ẹ kán omi náà sórí gíláàsì, kó gbẹ. Bí funfun bá dì síbẹ̀, ẹ máa lọ. Ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ lómi wà lóòótọ́, agbára ló fi ń ti omi gba inú awọ tín-ín-rín kọjá, kì í ṣe òwú inú ike.

Olè ni. Gbogbo wọn lolè. Ẹni tó ta garawa tí mo fi ń gbe omi yẹn gan-an, mo ti ń fura sí i.