Bílẹ́ńdà Tí Mo Fi Ń Lọ Àgbálùmọ̀ Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ọjọ́ kẹta tí mo ra bílẹ́ńdà yìí ni mo ti gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Igi àgbálùmọ̀ 2 ló wà lẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn, bí ọyẹ́ bá sì ti mú, a máa ń ṣa èso wọn láràárọ̀ títí yóò fi sú àwọn ọmọ. Mo wá pinnu pé n ó máa fi ṣe smoothie fún ìyá mi, tí dókítà ti ní kó jìnnà sí ṣúgà.

Mo yọ kóró inú àgbálùmọ̀ 10, mo da gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú atalẹ̀ àti omi tútù, mo sì tẹ̀ ẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi ń kùn bí ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀, ló bá dákẹ́. Oje àgbálùmọ̀ ti yí ọ̀bẹ rẹ̀ ká, ó funfun, ó yi, ó sì ń fà mọ́ mi níka bí okùn. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí, kò kúrò.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á, ọmọbìnrin tó ń tajà kò tilẹ̀ ṣí i wò. Owó ló ń kà. Ó ní, “Àǹtí, ata àti tòmátò làwọn èèyàn ń fi í lọ̀, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́.” Ó gba káàdì gárántì mi, ó ní òun yóò fi han ọ̀gá òun, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀, ó sì padà sídìí owó rẹ̀. Láti aago 10 títí tó fi kọjá aago 12 ni mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo béèrè ọ̀gá yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní ó ń bọ̀. Inú mi ru débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Bàbá kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn ibẹ̀ ló pè mí nígbà tí mo ń jáde lọ. Ó gbóòórùn ẹ̀rọ náà, ó ní, “Ọmọ mi, àgbálùmọ̀ ni, àbí?” Ó ta òróró sí àkísà, ó fi nu abẹ́ ọ̀bẹ náà, gbogbo gọ́ọ̀mù yẹn sì ṣí kúrò. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí oje rọ́bà ni oje àgbálùmọ̀ rí: omi kò ràn án, òróró ló ń tú u, èèpo ló sì pọ̀ sí jù. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ rọ.

Láti ìgbà náà, mo ń bó èèpo kí n tó lọ̀ ọ́, ẹ̀rọ yìí sì ń lọ ẹran ara rẹ̀ kúnná ju bí mo ṣe rò lọ. Kíkan rẹ̀ ló kù. Mo kọ́kọ́ lọ àgbáyun ọgbà wa mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, àfi ìgbà tí ìyá mi ní kí n jẹ́ kí òun jẹ àgbáyun lákọ̀ọ́kọ́. Òótọ́ ló sọ: èròjà inú rẹ̀, miraculin, tí àwọn onímọ̀ yọ sọ́tọ̀ lọ́dún 1968, gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ahọ́n ná, kí ohun kíkan tó lè dùn lẹ́nu. Ìyá mi fi ahọ́n yí ẹran àgbáyun náà ká ẹnu, ó tu kóró rẹ̀ dànù, ó mu ife smoothie kan tán láìsí ṣúgà, ó wá tẹjú mọ́ mi: “Ṣé o ò fi ṣúgà sí i lóòótọ́?” Ojoojúmọ́ ló ń béèrè rẹ̀ báyìí.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún un. Káàdì gárántì mi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn.