Ẹ̀rọ HEPA àbí Àpótí Àfọwọ́ṣe: Èwo Ni Kí Ẹ Náwó Lé Lórí?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí ẹ sì fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa sẹ́ kòkòrò kòrónà, ọ̀fìnkìn tàbí èéyi kúrò nínú afẹ́fẹ́ ilé tàbí gbọ̀ngàn ìjọsìn yín, ọ̀nà méjì ló wà níwájú yín. Ẹ lè ra ẹ̀rọ HEPA, ìyẹn ẹ̀rọ afọ-afẹ́fẹ́ tí ojú asẹ́ rẹ̀ há gan-an, tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe parí. Ẹ sì lè ra fáànù àti asẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín to àpótí tí wọ́n ń pè ní Corsi-Rosenthal. Ní ọdún 2020 ni Richard Corsi, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí afẹ́fẹ́ inú ilé, dá àbá rẹ̀. Jim Rosenthal, tó ń darí ilé-iṣẹ́ asẹ́ kan ní Texas nígbà náà, ló sì kọ́kọ́ tò ó.

Bí ẹ bá fi asẹ́ wé asẹ́, HEPA ló borí. Ìdá 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún èérún tó tóbi ní 0.3 maikirónì ló ń mú, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 50, ó kéré tán, ni asẹ́ ti àpótí, tí ìpele rẹ̀ ń jẹ́ MERV-13, gbọ́dọ̀ mú nínú àwọn tó wà láàárín 0.3 sí 1. Orí èyí ni ọ̀pọ̀ olùrà ń dúró sí tí wọ́n á fi sanwó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé bí ojú asẹ́ bá ṣe há tó ni ògì ṣe ń pẹ́ kó tó kán tán. Afẹ́fẹ́ inú yàrá kì í sì í gba inú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ńṣe ló ń yí po. Nítorí náà, iye afẹ́fẹ́ mímọ́ tí ẹ̀rọ ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí wọ́n ń kọ sára páálí pé CADR, ló yẹ kí ẹ wò.

Ní ọdún 2023, CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, dábàá pé kí afẹ́fẹ́ inú yàrá di mímọ́ ní ìgbà márùn-ún, ó kéré tán, láàárín wákàtí kan. Yàrá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 15, tó fẹ̀ ní 12, tó sì ga ní 8, CADR 120 (ẹsẹ̀ bàtà kíúbù 120 ní ìṣẹ́jú kan) ló nílò. HEPA kékeré lè gbé ìyẹn. Gbọ̀ngàn tó gùn ní 40, tó fẹ̀ ní 30, tó sì ga ní 10 yóò béèrè 1,000. Ní University of California, Davis, wọ́n wọn àpótí alásẹ́ márùn-ún, wọ́n sì rí nǹkan bíi 600 nígbà tí fáànù ń yí jẹ́ẹ́jẹ́, àti 850 nígbà tó ń sáré jù. Méjì irú rẹ̀ tó gbọ̀ngàn yẹn. Àpótí kan sábà máa ń gba 60 sí 100 dọ́là, HEPA tí agbára rẹ̀ kò sì tó ìdajì tirẹ̀ lè tó 200 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ariwo ni àléébù àpótí, ó sì ń gbàyè. HEPA kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀ lóru, àmọ́ ẹ má gbàgbé pé CADR ara páálí jẹ́ ti ìgbà tó ń sáré jù. Bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ẹ lè sùn, iye náà yóò já wálẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, èmi yóò ra HEPA fún yàrá ìbùsùn, n ó sì to àpótí fún gbọ̀ngàn àti kíláàsì.

Bí ẹ bá fẹ́ to tiyín, ẹ ra asẹ́ oní-20 íǹṣì níbùú lóròó. Mẹ́rin yóò ṣe ògiri, páálí tàbí asẹ́ karùn-ún yóò wà nísàlẹ̀, fáànù oní-20 íǹṣì yóò wà lókè, yóò sì máa fẹ́ síta. Ọfà tó wà létí asẹ́ gbọ́dọ̀ kọjú sínú àpótí. Ẹ fi téèpù dí gbogbo oríkèé, kí ẹ sì gé páálí onihò roboto bo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fáànù, torí afẹ́fẹ́ máa ń gba ibẹ̀ padà sínú. Fáànù tí wọ́n ṣe láti ọdún 2012 síwájú, tó ní fíúùsì lára pílọ́ọ̀gì, ni kí ẹ lò.

Ẹ yẹra fún ẹ̀rọ tó ń tú ósóònù, gáàsì tó ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá, jáde, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí i lára. Àwọn ará Britain kì í tètè rí fáànù oní-20 íǹṣì yìí rà. Fáànù kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ń tò papọ̀, kì í pariwo, àmọ́ ó wọ́n jù. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ti Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, iná 120 fóòtì ni fáànù náà ń lò. Iná Nàìjíríà lágbára ju ìyẹn lọ, yóò jó o.