Tẹ́sítà okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì: ó wúlò, àmọ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń rí

Ike méjì ló wà nínú páálí: ìyá tó ní bọ́tìnì àti bátìrì 9V, àti ọmọ tó ṣeé yọ lára rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: ó ń wò ó bóyá wáyà tín-ín-rín 8 inú okùn dé òdìkejì láìjá, láìṣi ipò.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Bí iná kékeré ibi tí okùn wọ̀ bá ń tàn, tí ipconfig, àṣẹ Windows tó ń fi àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, sì gbé àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 jáde, kọ̀ǹpútà bèèrè àdírẹ́sì, kò rí ẹni dá a lóhùn, ló bá fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Ẹ lọ wo router, ẹ̀rọ tó ń pín àdírẹ́sì, ná. Bí iná kò bá tàn rárá, tí ẹ ti gbé okùn sí ihò mìíràn lára switch (àpótí tí okùn àwọn kọ̀ǹpútà ń wọ̀), ó kan tẹ́sítà nìyẹn.

Ẹ yọ okùn náà lórí méjèèjì o! Switch tó ń lo PoE, ìyẹn ọ̀nà tí okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń gbé iná fún ẹ̀rọ, ń fi iná bíi 48V gba inú okùn, ó sì lè jó tẹ́sítà.

Iná 1 dé 8 yẹ kó máa tàn tẹ̀léra lára ìyá àti ọmọ. Bí 3 kò bá tàn lára ọmọ, wáyà kẹta já. Bí 3 ìyá bá tan 6 ọmọ, ẹni tó de orí okùn ti ṣi wáyà tò. Bí iná tí wọ́n kọ G sí kò bá tàn, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, okùn tó ní bébà onírin nínú nìkan ló ń lò ó. Ibi tó ti gba owó rẹ̀ ni okùn tí 7 já: nẹ́tíwọ́ọ̀kì sábà máa ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀, nítorí 1, 2, 3 àti 6 tó fún ìyára 100 Mbps, àmọ́ 1000 Mbps kò ní wọlé. Òun ni wọ́n ń pè ní “kọ̀ǹpútà yìí lọ́ra.”

Àbùkù rẹ̀ rèé. Bí ẹnì kan bá to àwọ̀ bó ṣe wù ú, àmọ́ tó tò ó bákan náà lórí méjèèjì, gbogbo iná á tàn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì máa já, torí wáyà 3 àti 6 kò lọ́ mọ́ra wọn mọ́. Ojú yín ló máa rí ìyẹn; bí àwọ̀ ṣe yẹ kó tò láti 1 dé 8 rèé: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Tẹ́sítà kò sì lè sọ fún yín pé okùn ti kọjá 100 mítà.

Ẹ máa yọ bátìrì lẹ́yìn iṣẹ́. Bọ́tìnì rẹ̀ rọrùn láti tẹ̀ nínú àpò, bátìrì tó ti rẹ̀ á sì mú kí iná ọmọ ṣókùnkùn bíi pé wáyà ló já.