Kí ló ń mu bátìrì mọ́tò tí a gbé kalẹ̀? Ìfiwéra àwọn irinṣẹ́ kí ẹ tó náwó

Ní Ìkòròdú níbí, mọ́tò púpọ̀ ni kì í kúrò nílé láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Island á gbé tirẹ̀ kalẹ̀ sí Agric tàbí Sábó, á wọ BRT gba Mile 12 lọ, tàbí kó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò. Ó di Sátidé kó tó tún ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Bí mọ́tò bá wá ń dún "kẹ̀kẹ̀kẹ̀" tí kò ṣáná, rewáyà tí wọ́n bá pè á ní, "Ẹ̀gbọ́n, bátìrì yín ti lọ, ẹ lọ ra tuntun." Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá ń mu iná lẹ́yìn tí ẹ ti pa mọ́tò, tuntun náà á tọ ògbólógbòó lẹ́yìn láìpẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ìdánwò kan wà tí sípánà nọ́ńbà 10 tó fún. Ẹ fi ṣájà gba iná sí bátìrì náà kó kún, ẹ yọ orí négétífù, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún òru méjì tàbí mẹ́ta. Bátìrì tó kún tó sì ti sinmi máa ń wà ní nǹkan bíi fóltì 12.6, bó bá dé 12.2, ó ti kù sí ìdajì. Bí ó bá kú nígbà tí wáyà négétífù kò sí lára rẹ̀, òun gan-an ló jẹ̀bi, ẹ lọ ra òmíràn. Bí ó bá dúró digbí, tó sì sítáàtì mọ́tò lẹ́ẹ̀kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mọ́tò ló ń mu ún.

Kò sí mọ́tò tí kì í mu díẹ̀ ṣá. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, aago, àláàmù, gbogbo wọn ń jẹun lóru. 20 sí 50 mA (mílíámpù; 1000 nínú rẹ̀ ló jẹ́ ámpù kan) ló wọ́pọ̀, àwọn mọ́tò tuntun sì lè ga díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. 50 mA á mu 1.2 Ah (ámpù fún wákàtí, bí a ṣe ń ka ohun tí bátìrì lè gbà) lójúmọ́, bátìrì 60 Ah á sì gbé e fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ká ní 500 mA ni, ìyẹn ju ohun tí gílóòbù kékeré inú búùtù ń mu lọ díẹ̀: 12 Ah lójúmọ́ nìyẹn. Ẹ gbé e kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, yóò ṣòro kó ṣáná ní Ọjọ́bọ̀. Irinṣẹ́ tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ lè fi ìyàtọ̀ 50 àti 500 hàn yín, kó má sì jí mọ́tò lójú oorun. Gbólóhùn kejì yẹn ni àwọn tó ń tajà kì í sọ.

Tẹ́sítà oníbọ́ọ̀bù ló pọ́ọ́kú jù, gbogbo rewáyà ló sì ní in. Wọ́n á yọ négétífù, wọ́n á fi tẹ́sítà sáàárín wáyà àti orí bátìrì. Bó bá tàn rokoṣo, ọ̀rọ̀ wà. Bó bá tàn bàìbàì, ẹ kò lè mọ iye. Bí kò bá tàn rárá, ìyẹn náà kò fi yín lọ́kàn balẹ̀. Èyí tó jẹ́ LED tilẹ̀ burú jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí iná tí kò tó nǹkan lè mú un tàn. Ẹ fi í yẹ fíúsì tó ti jó wò, ibẹ̀ ló wúlò sí. Àwọn kan kì í tilẹ̀ lo nǹkan kan: wọ́n á fi orí wáyà kan bátìrì fẹ́ẹ́, bó bá ta pàrà wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i!" Mọ́tò òde òní tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá náà máa ń ta pàrà bẹ́ẹ̀, torí àwọn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ á fa iná mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà.

Mítà kékeré aláwọ̀ yẹ́lò, DT830D, ni ẹ máa bá lórí àtẹ níbi gbogbo. Ọ̀nà tí wọ́n máa ń kọ́ni ni pé kí ẹ yọ négétífù, kí ẹ ki wáyà pupa mítà bọ ihò 10A, kí iná mọ́tò máa gba inú mítà kọjá. Ó ṣeé ṣe, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn: lára ọ̀pọ̀ wọn, "UNFUSED" ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí fíúsì tó máa dáàbò bò ó. Kí ọmọ ilé kan ṣèèṣì yí kọ́kọ́rọ́ péré, sítátà tó ń fa ju 100 ámpù lọ á gba inú wáyà tín-ín-rín yẹn kọjá. Èkejì, yíyọ tí ẹ yọ négétífù ti jí gbogbo kọ̀ǹpútà mọ́tò. Nọ́ńbà gíga tí ẹ kọ́kọ́ rí kì í ṣe òótọ́. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 30, nígbà mìíràn wákàtí kan, kó tó padà sùn. Bó bá jẹ́ ọ̀nà yìí lẹ fẹ́ tẹ̀ lé dandan, ẹ fowó kún un, kí ẹ ra mítà tó kọ "FUSED" síbi 10A.

Àmọ́ mítà pọ́ọ́kú yìí kan náà ní ibì kan tó ti ju àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ lójú mi: ojú 200m (mílífóltì 200) níbi fóltì DC, ìyẹn irú iná tó wà nínú bátìrì. Ẹ̀yìn fíúsì mọ́tò ní ojú irin kéékèèké méjì. Ẹ fi ẹnu wáyà mítà kan méjèèjì. Bó bá jẹ́ 0.0, iná tó tó nǹkan kò gba ibẹ̀. Bó bá gbé 0.5 tàbí 1.0 wá, iná ń ṣàn níbẹ̀; lórí fíúsì 10A kékeré, mílífóltì 1 ti lé ní 100 mA. Ẹ kò yọ bátìrì, ẹ kò yọ fíúsì, mọ́tò kò jí. Ẹ kàn máa kà á lọ láti fíúsì dé fíúsì. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì àti ilẹ̀kùn ibi fíúsì, kí ẹ wá fi sikurudíráfà ti ahọ́n ilẹ̀kùn náà pa kó lè rò pé a ti tì í, kí ẹ sì dúró kó padà sùn.

Ibi tí kò dé ni ohun tí wọ́n so mọ́ bátìrì tààrà láì gba inú àpótí fíúsì: tírákà, àláàmù tí wọ́n fi kún un, àti alternator, ẹ̀rọ tó ń gba iná sí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́.

Níbẹ̀ ni mítà aláhámọ́ (clamp meter) ti wúlò, èyí tó ń fi ẹnu gbá wáyà mú bí akàn. Owó rẹ̀ ga ju ti yẹ́lò lọ dáadáa, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ jù, bí kì í tilẹ̀ ṣe pé ẹni tó tà á mọ̀ọ́mọ̀. DT266 tó wọ́pọ̀ yẹn, iná NEPA àti jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń ka ámpù rẹ̀. Ti bátìrì kò sí lára iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wá èyí tó ní àmì A pẹ̀lú ìlà gbọọrọ, kì í ṣe ìlà onígbì nìkan. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo èyí tó ń ka DC ló tó: àwọn kan bẹ̀rẹ̀ láti ojú 40A, iṣẹ́ sítátà ni wọ́n wà fún. UNI-T UT210E ní ojú 2A tó ń ka mA kọ̀ọ̀kan, òun ni mo máa rà bí mo bá ń ṣe é fún ènìyàn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń dá a padà sí òdo kí ẹ tó fi dì í mú, kí ẹ sì kó gbogbo wáyà tó ń bọ̀ láti négétífù sí inú ẹnu rẹ̀. Ó máa ń ṣe ségesège díẹ̀ bí ẹ bá yí i, ẹ má bá 10 mA jà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sórí wáyà ńlá alternator: bí iná bá ń ṣàn níbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú, dáódù inú rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí iná bátìrì ṣàn padà, ló ti bàjẹ́.

Ẹ gbé e dé ẹ̀yìn rédíò náà. Mo rí ọ̀kan ní Agric tí wọ́n lọ́ wáyà yẹ́lò, tó yẹ kó máa ní iná nígbà gbogbo, mọ́ pupa, tó yẹ kó kú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì fi téépù dúdú wé e. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn bíi pé ó ti kú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná lọ́wọ́: ó ṣì ń mu iná.

Súìsì tí wọ́n ń dè mọ́ orí négétífù láti fi pa iná bátìrì kì í wọn nǹkan kan. Ẹni tó ń rìnrìn àjò nìkan ni mo máa ní kó rà á. Tírákà àti àláàmù á kú pẹ̀lú rẹ̀, rédíò á gbàgbé ohun tó mọ̀, gíláàsì mọ́tò mìíràn á sì ní kí ẹ tún kọ́ òun. Kí irin rẹ̀ nípọn, torí iná sítátà ń gba ibẹ̀ kọjá.

Fún mọ́tò kan nílé, yẹ́lò tó. Bó bá jẹ́ aláhámọ́ lẹ fẹ́ rà, ẹ má sanwó lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á. Ẹ ní kó bá yín tan iná páàkì mọ́tò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi mítà dì wáyà négétífù mú. Bí nọ́ńbà kò bá kúrò ní òdo, ẹ dá a padà fún un.